Ìwé Ìpè

Sí ọ̀gá tó jókòó ti fáìlì wa:

Èmi Bincy, ọmọ Aleyamma,
nọ́ọ̀sì òru ní ọsibítù kan ní Regina,
ni mò ń pe ìyá mi wá láti Kottayam.
Ẹ ní kí n sọ iye tó ń wọlé fún mi lọ́dún; mo ti sọ ọ́.
Ẹ ní kí n ra adójútòfò ìlera ọdún kan gbáko;
mo ti rà á, owó rẹ̀ tó ra mọ́tò àlòkù.
Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò àyà wọn;
dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró wọn mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Níbi tí ẹ ti bi mí pé níbo ni àlejò yóò sùn,
mo kọ ọ́ pé: yàrá kejì, lẹ́bàá fèrèsé.
N kò kọ ọ́ pé ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà,
pé Neeva ọmọ mi ti ń pè é ní yàrá Ammachi
láìtíì gbá Ammachi mọ́ra rí.
Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́,
ṣùgbọ́n ojú nìkan ni fóònù ń gbé wá:
orí, èjìká,
etí kan, nígbà tí wọ́n bá di fóònù mú lódìlódì.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ náà bi mí léèrè:
"Mọ́mì, ṣé Ammachi ní ẹsẹ̀?"

Ìbéèrè kẹrìndínlógún:
kí ni yóò mú àlejò yìí padà sílé?
Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín.
Igi rọ́bà òjìlénígba. Mo kọ ìyẹn.
Màlúù kan tí kì í gbà kí ẹlòmíràn fún wàrà òun.
Mo kọ ọ́, mo tún pa á rẹ́.
Bàbá mi ńkọ́?
Ẹ wo fáìlì èṣí, ẹ ó bá wọn níbẹ̀:
Kuriakose, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
kíndìnrín méjèèjì ti dákẹ́ iṣẹ́.
Kò sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó fẹ́ dúró fún wọn,
ẹ̀yin náà sì kọ lẹ́tà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kò ṣeé ṣe.

N kò jà.
Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe lóru fún yín.
Mò ń fọ ẹ̀jẹ̀ bàbá oníbàbá.
Mo so okùn rọ́bà mọ́ wọn lápá
(ta ló mọ̀, bóyá ara igi wa ló ti wá),
ẹ̀jẹ̀ á jáde, á wọnú ẹ̀rọ, á yípo, á padà,
wákàtí mẹ́jọ, títí ilẹ̀ á fi mọ́ sórí yìnyín.
Kò sẹ́ni tó ń bi ẹ̀jẹ̀
pé kí ni yóò mú un padà sílé.

Nítorí náà, bí ẹ bá fún ìyá mi ní ọdún márùn-ún, a dúpẹ́,
ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré ni wọ́n ní.
Ìyàwó àbúrò mi ni yóò máa gbé bàbá lọ fọ ẹ̀jẹ̀
ní Ọjọ́ Ajé, ní Ọjọ́rú, ní Ọjọ́ Ẹtì;
lẹ́yìn náà ìsinmi rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ á tán.
Oṣù kejì ni wọ́n ní èmi yóò sọ̀.
Mo mọ bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ wá iṣan tó fara pamọ́.
N kò mọ bí a ṣe ń na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ,
kí a tẹ́ ọmọ tuntun sórí ojúgun, kí a wẹ̀ ẹ́,
kí omi má kó sí i létí, kí òróró dé gbogbo oríkèé.
Neeva, inú ike ni mo ti wẹ òun, bí ẹni ń ṣan tòmátò.

Ẹsẹ̀ ìyá mi ni mo ní kí ẹ bá mi lu òǹtẹ̀ fún.
Ojú wọn, a ti ní in.

Èmi ni, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Bincy.

Mo fẹ́ gbàgbé: nínú ìwé ìbí mi, Eliamma ni akọ̀wé kọ;
ìwé ìrìnnà wọn ní Aleyamma.
Ẹnì kan náà ni wọ́n, mo lè búra.
Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ bi màlúù.