Agbọ̀n Ajádìí

Tíṣà Odùyẹ̀bọ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Atìkòrì,
ó ní kí n bá òun ṣe agbọ̀n.
Mo ní, "Ọ̀gá, irin ni mò ń jó, n kì í hun ọparun."
Ó ní agbọ̀n onírin ni, èyí tí kò nídìí.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi.
Ta ní ń sanwó agbọ̀n ajádìí
ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí a ti ń ka kọ́bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì?

Ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé fún mi.
Òjò pa ìwé. Mo fojú wọ̀n ọ́n.
Irin tó ṣẹ́kù lára géètì Alájì ni mo ká,
mo jó o pọ̀, mo fi ọ̀dà pupa kùn ún.
Sọ́míìlì ló fi pákó ẹ̀yìn rẹ̀ ta wá lọ́rẹ,
igi tútù, ó ṣì ń ṣomi.

Lọ́jọ́ kẹta ni Tíṣà tó gun àkàbà pẹ̀lú téèpù.
Ó fi ìka méjì kéré.
Ó wò mí. Mo wo ilẹ̀.
Owó ti tán.

Ròkíbù, ọmọ ìyá tó ń bó obì lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí,
ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí orí rẹ̀ ti ń kan àtẹ́rígbà,
Òpó-Nẹ́pà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é.
Kò sí bàtà tó gbà á. Ó fi abẹ gé iwájú ti bàbá rẹ̀,
ìka ẹsẹ̀ ń yọjú bí ará àdúgbò tó ń wòran ìjà.

Láti ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń gbọ́ ọ.
Gbàn-ìn.
Gbàn-ìn. Ìka méjì mi nìyẹn.
Gbàn-ìn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òwú di etí.
Ó di ọjọ́ kan, n kò gbọ́ nǹkan kan.
Mo pa jẹnẹrétọ̀, mo nà ọrùn:
ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń jù ú,
bọ́ọ̀lù ń wọlé, kò kan irin.

Wọ́n mú un lọ sí Èkó, wọ́n dá a padà.
Orúnkún rẹ̀ wú bí iṣu ewùrà.
Ọdún kan gbáko ló fi ru pákó ní sọ́míìlì,
kì í gba iwájú ilé ìwé kọjá.
Ẹyẹ ẹ̀gà kó koríko sẹ́yìn òrùka mi.
N kò bá a sọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ wí?
Ìrọ̀lẹ́ kan ló dé, ó ní kí n yá òun ní tọ́ọ̀ṣì.

Ìbàdàn ló mú un lẹ́yìn náà.
Ó wà nínú líìgì báyìí, líìgì tí wọ́n ti ń gbowó oṣù.
Ó pè mí lórí fóònù, ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀:
"Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, òrùka ibí yìí
fẹ̀ bí ẹnu kànga!"
N kò lè dá a lóhùn.

A wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ Alájì.
Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú eré mẹ́ta.
Wọ́n mú un wọlé nínú ìkẹrin, ó sọ méjì nù, ó ju ẹyọ kan wọlé.
Gbogbo ilé hó.
Ìyá rẹ̀ kò wo bọ́ọ̀lù.
Orúnkún ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

Lánàá, ọ̀gá ilé ìwé tuntun ránṣẹ́ sí mi.
Wọ́n ti ra òrùka gidi, ìwọ̀n rẹ̀ pé,
kí n wá gé àlòkù yẹn.
Mo gun àkàbà, ayùn irin lọ́wọ́ mi.
Ọmọbìnrin kan dúró nísàlẹ̀, bọ́ọ̀lù lábẹ́ apá rẹ̀.
"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ju ẹyọ kan."
Gbàn-ìn.
"Ẹyọ kan sí i."
Gbàn-ìn.
Ilẹ̀ ń ṣú lọ.
Mo sọ̀kalẹ̀, mo gbé àkàbà mi kúrò lọ́nà rẹ̀.