Gíráàmù Mẹ́ta sí Lítà Kan

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fún ewéko níyọ̀.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Owó oṣù wà níbẹ̀.
Nínú ilé onínẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn oko fásitì ní Ifẹ̀,
ike iyẹ̀pẹ̀ ogójì: tòmátì ogún, gbúre ogún,
mo ń wọn iyọ̀ lórí òṣùwọ̀n kékeré kan
tí Dókítà Morádéyọ̀ ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ tútù kàn.
Gíráàmù mẹ́ta sí lítà omi kan.
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bẹ àwọn tòmátì.
Èmi tó jẹ́ pé iyọ̀ ni wọ́n fi kàn mí lẹ́nu lọ́jọ́ ìkómọ,
tí wọ́n ní ayé mi yóò dùn.

Dókítà ṣa igi kan nílẹ̀, ó fi yàwòrán sórí iyẹ̀pẹ̀.
Gbòǹgbò kì í jẹ ilẹ̀, ó ń mu ún ni;
ohun tí kò bá yòrò kò lè gba ẹnu rẹ̀ wọlé.
Irun rẹ̀, tó tín-ín-rín ju okùn aláǹtakùn lọ,
ló ń lọ pàdé omi nínú òkùnkùn.
Omi á gba àárín sẹ́ẹ̀lì kọjá
bí ẹni ń gba ẹ̀yìnkùlé onílé, kò kí ẹnì kan,
títí yóò fi kan ògiri tí a fi ọ̀dà rẹ́.
Ẹ̀yìnkùlé parí níbẹ̀.
Ẹni tó bá fẹ́ dé òkè,
kó gba ẹnu ọ̀nà, ká wo ojú rẹ̀.

Pòtásíọ̀mù ni ewéko ń wá,
irú èyí tó wà nínú eérú èèpo kòkó
tí ìyá mi máa ń sẹ́ láti fi se ọṣẹ dúdú.
Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù inú iyọ̀ jọ ọ́
bí àbúrò ṣe ń jọ ẹ̀gbọ́n.
Ojú oníbodè ṣe bàìbàì, àlejò wọlé,
ó gun omi bí ẹni gun ọkọ̀, ó dé orí ewé.
Oòrùn fa omi lọ, iyọ̀ kù,
etí ewé jó bí ìwé tí wọ́n fi ṣáná kàn.
Nísàlẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ tutù, òùngbẹ ń pa á:
iyọ̀ ti di omi mú lọ́wọ́, kò jẹ́ kó lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, tòmátì mọ́kànlá ti dùbúlẹ̀.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Mọ́kànlá.

Nílé wa ní Ìlódè, Fẹ́hìntọlá aya mi
ń jẹ ọbẹ̀ tó tẹ́ láti oṣù Ọ̀wàrà.
Nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́: ẹ̀jẹ̀ ń ru.
Ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó wo ojú mi,
"Ìwọ tó ò ń bu iyọ̀ fún koríko."
Mi ò rí èsì fọ̀. Mo jẹ tèmi bẹ́ẹ̀.

Gbúre kò kú.
Kò sì dùn ún wò. Ewé ìsàlẹ̀, àwọn àgbà,
ń ki, wọ́n ń pọ́n, wọ́n ń já bọ́.
Mo ṣe bí àrùn ni, mo sáré pe Dókítà.
Ó ní, "Ibẹ̀ ló ń kó o sí."
Ó ní àká kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan,
ó ń ti iyọ̀ mọ́ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Bí àká bá kún, ewé àgbà á gbé ẹrù náà bọ́ sílẹ̀
kí èhù òkè má baà tọ́ ọ wò.

Mo ṣa ọ̀kan, mo fi kan ahọ́n. Iyọ̀ ni lóòótọ́.
Mo kó ìyókù sápò, mo gbé e délé han aya mi:
"Èyí ló jẹ iyọ̀ nítorí àwọn tó kù."
Ó yí i wò, kò sọ̀rọ̀,
ó dà á sí ewúrẹ́ Ìyá Adétutù.
Ewúrẹ́ lá ilẹ̀ títí kan òkúta;
láti ọjọ́ yẹn ló ti ń tẹ̀ lé mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Dókítà ní ó di gíráàmù mẹ́fà.
Mo nu ọwọ́ mi gbẹ, mo wọ̀n ọ́n.
Mi ò bẹ gbúre.