Afárá Bogumił

Wọ́n ní kí n wá wo Ààrẹ Póláńdì nínú tẹlifíṣọ̀n.
Mo ní àbúrò mi nìyẹn,
ọwọ́ mi dí, ànàmọ́ ni mò ń bó.

Bogumił oníṣègùn ẹran,
tó mọ ibi tó ń dun màlúù kí màlúù tó ké,
òun la fi ṣe olórí abúlé
nítorí afárá tó já lójú odò Narew,
tí gbogbo ìjọba ń fi ẹnu tún ṣe.
Pákó lòun fi tún un ṣe, pákó àti ìṣó.

Òkìkí afárá ló gbé e dé Wọ́sọ̀.
Ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́rin ìdájí ló wọ̀,
bàtà bàbá wa lẹ́sẹ̀ rẹ̀, yìnyín dé kókósẹ̀.
Ìbò kìíní, ó fìdí rẹmi.
Ìkejì, ó wọlé, tín-ín-rín báyìí.

Ọdún márùn-ún ló fi ń buwọ́ lùwé.
Ọjọ́ tó kọ̀ láti buwọ́ lu ti ẹgbẹ́ rẹ̀,
àwọn tó ń gbé e gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin
ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ́lẹ̀.
Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀:
ta ni ìbá mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń tọ́jú pátákò ẹṣin?

Lánàá, mọ́tò ìjọba já a sílẹ̀ lódìkejì odò.
Àpótí kan. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí kámẹ́rà.
Ó rìn dé àárín afárá, ó dúró,
ó fi gìgísẹ̀ tẹ pákó kan lẹ́ẹ̀mejì.
"Ludmiła, ìṣó kan ti yọ níbí."
Kò tíì kí mi o.
Mo lọ mú òòlù.