Irinwó Mítà

Òòrùn ti fi Alta sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá.
Gunnvor ń wakọ̀ láti ilé aláìsàn kan sí òmíràn,
orúkọ mẹ́jọ lórí bébà, abẹ́rẹ́ nínú àpò.
Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù: mílíìkì kan, búrẹ́dì kan.
Bó ṣe ń padà sójú títì ni táyà yọ̀ lórí yìnyín,
egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́.

Lẹ́tà adójútòfò dé:
“A bá ọ kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n o yà kúrò lọ́nà iṣẹ́
ní irinwó mítà.”
Wọ́n wọ̀n ọ́n o. Wọn ò wọn ìrora.

Èmi tí mò ń bá a kọ ìwé ẹjọ́ bi í pé,
ta ló ni mílíìkì?
Ó ní ti Bàbá Aslak ni,
ẹni tí kì í lè gbé oògùn mì láìsí mílíìkì gbígbóná.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
“Búrẹ́dì ni tèmi.”

Mo kọ ti mílíìkì. Mo tún kọ ti búrẹ́dì,
n ò fi ọ̀kankan pamọ́ sábẹ́ èkejì:
ọ̀nà tí èèyàn ò gbọdọ̀ jẹun lórí rẹ̀,
ṣé ọ̀nà iṣẹ́ nìyẹn?

A ṣì ń retí èsì.
Òòrùn ti ń yọjú padà,
ọ̀pá Gunnvor ń kan yìnyín,
kó, kó,
ó ń lọ ra búrẹ́dì.