Fìlà àti Bàtà Orúkọ

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo lò nínú ilé fáìlì
ní ọsibítù kékeré kan lẹ́yìn Ìtòkò.
Bàbá Fáìlì ni wọ́n ń pè mí.
Eruku ibẹ̀ mọ ọ̀fun mi, eku ibẹ̀ mọ ìró bàtà mi.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, èrò ti tò dé ẹnu géètì,
nọ́ńbà lọ́wọ́ wọn, èyí tí a gé lára páálí ọṣẹ.
Ẹlòmíì ti sùn sí Láfẹ́nwá mọ́jú
kó má baà jẹ́ pé òun ni yóò gba ogójì.
Èmi a fi tọ́ọ̀ṣì há ẹnu, n ó wọ àárín pẹpẹ.
Ewúrẹ́ àdúgbò ni fáìlì:
ibi tí o so ó mọ́ lo mọ̀, o ò mọ ibi tó jẹ dé.

Bàbá Ṣówẹ̀mímọ́ jókòó lórí bẹ́ńṣì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan,
láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ọwọ́ lé àyà.
Dókítà ní òun ò lè da oògùn lu oògùn tí òun ò mọ̀.
Mo wá a lọ́dọ̀ Ṣ. Mo wá a lọ́dọ̀ O.
Mo wá a débi àwọn aláboyún.
Ìyàwó rẹ̀ mú un lọ sílé lálẹ́.
Ọjọ́bọ̀ ni fáìlì yọ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù,
ó fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tó ń sùn.
Mo nu eruku ara rẹ̀.
Ta ni mo fẹ́ gbé e fún?

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni kọ̀ǹpútà dé.
Moyọ̀sórè, ọmọ tí mo lè bí ní àbíkẹ́yìn, ló kọ́ wa.
Ó tẹ orúkọ, orúkọ yọ kí n tó ṣẹ́jú.
Mo rẹ́rìn-ín. Àyà mi já.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kò gba àmì:
ó ṣí fìlà lórí orúkọ, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
Sowande mẹ́tàdínlógún dúró níwájú mi ní ìhòòhò.
Ó tún wá béèrè ọjọ́ ìbí.

Ìyá Efúnróyè, opó Ṣówẹ̀mímọ́, wò mí.
“Ọdún tí odò Ògùn wọ ìkòkò aláró ni.
Wọ́n ní ẹsẹ̀ agbẹ̀bí mi dú fún aró.”
Ẹ̀rọ ò mọ odò. Igi tínrín kan ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀.
Mo bá kọ ọ́: ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní.
Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ fún ẹni tó tẹ̀lé e, àti ẹni tó tẹ̀lé ìyẹn.
Bí ẹ bá ṣí i wò lónìí, gbogbo arúgbó Abẹ́òkúta
ni wọ́n bí ní òwúrọ̀ ọdún tuntun,
tí igbe ìkókó ta láti òkúta dé òkúta.

Aago mẹ́sàn-án ò tíì lọ jìnnà tí màmá fi gba oògùn tán.
Ó padà wá sójú fèrèsé mi.
“Ó ti tán?”
“Ó ti tán, Mà.”
“Ṣé bó ṣe lè yá tó náà nìyí?”
N ò rí nǹkan sọ.
“Bá mi wo ti bàbá.”
Mo tẹ Sowemimo. Mẹ́rin yọ, kò sí òun níbẹ̀.
Alààyè nìkan la kó wọlé.
Ó mi orí, ó lọ jókòó síbi tí ìdí èèyàn ti fọ igi bẹ́ńṣì dán,
bẹ́ńṣì tó ṣófo báyìí, tí kò sẹ́ni tí yóò sún sí i.

Ọ̀sán pọ́n, ó ṣì wà níbẹ̀.
Mo mú kọ́kọ́rọ́ àtijọ́.
Mo gbé fáìlì náà lé e lítan.
Kò ṣí i. Kò mọ̀wé.
Ó ní kí n ka ẹ̀yìn rẹ̀ sí òun létí,
mo sì kà á, ketekete,
tòun ti fìlà, tòun ti bàtà.