Òrùka Kejì

Òrùka méjì ló wà lọ́wọ́ mi ní Winnipeg:
ọ̀kan ti Ọlátẹ́jú,
ọ̀kan tó ń ka ooru ara mi.
Òtútù ń bu etí jẹ níta;
ó ní mo fi díẹ̀ gbóná ju àná lọ.

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe,
mò ń yí àwọn arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì.
Òrùka ò mọ̀yàtọ̀ ọ̀sán sí òru mọ́,
ó ṣáà ní kí n lọ sùn.

Aago mẹ́ta òru Ẹtì, fóònù tanná:
Òní ni.
Ọlátẹ́jú ń wa tírélà lọ sí Regina.

Màmá Kowalchuk fọwọ́ pa òrùka dúdú náà:
"Ọkọ méjì lo ní?"
Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di omijé.

Mo bọ́ ọ sápò.
Títí ilẹ̀ fi mọ́,
èmi nìkan ni mo mọ bí ara mi ti gbóná tó.