Ṣílè Kan Ṣoṣo

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé
ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Barnsley,
Ìyá àgbà mi, Enid Hepworth, á bọ́ aṣọ ìdáná,
á dé akẹtẹ̀ tó ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.
Bí a bá bi í pé kí ló dé,
á ní èèyàn kì í gbàlejò láìmúra.

Tẹlifíṣọ̀n wa kì í ṣe tiwa.
Ilé-iṣẹ́ kan ló yá wa,
wọ́n so àpótí irin mọ́ ọn lẹ́yìn,
àpótí tó ń jẹ ṣílè bí ẹṣin ṣe ń jẹ koríko.
Ṣílè tán, ojú rẹ̀ á ṣú.

Bàbá àgbà jókòó ti iná.
Ọgbọ̀n ọdún nínú kòtò èédú wà láyà rẹ̀,
ó ń hó bí ìkòkò.
"Irọ́ ni," ló ń wí, ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ.
"Wọ́n ti jọ ṣètò ẹni tí yóò ṣubú
kí wọ́n tó wọ pátá."
Ìyá àgbà ò bojú wẹ̀yìn.
"Clem, àwọn ọ̀gá kòtò yín ńkọ́?
Ṣé àwọn ò ṣètò ẹni tí yóò ṣubú ni?"
Ilé dákẹ́.
Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí,
Alápatà Rochdale ló wọlé,
orí kodoro, ikùn bí àpò sìmẹ́ńtì,
àwọn arúgbó obìnrin ní ìlà iwájú ń fi póòsì lù ú lẹ́yìn.
Kenny Lister ni wọ́n mú un bá, ọmọ birikìlà,
irun rẹ̀ pupa, wọ́n ní; eérú ni àwa rí.
Alápatà ti dá a lẹ́ẹ̀kan.
Òun náà ti dá Alápatà lẹ́ẹ̀kan.
Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Alápatà ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́ lójú.
Rẹfirí ń so okùn bàtà.
"Ìwọ afọ́jú! Ẹ̀yìn rẹ! Wo ẹ̀yìn rẹ!"
Ìyá àgbà ti dìde, òwú ti yí bọ́ sábẹ́ àga,
ológbò ti gbé e sá.
Ẹni tó sin ọmọ méjì tí àdúgbò ò gbọ́ igbe rẹ̀
ló ń pe ọkùnrin oníkùn yẹn ní ọmọ àlè.

Lister gbé e.
Ẹ gbọ́, ó gbé e!
Apá rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ Alápatà kúrò nílẹ̀

Kọ́.
Ẹ̀rọ ṣú.
Ó ku ààmì funfun kan láàárín, bíi ìràwọ̀,
òun náà kú.

Mo tú póòsì. Mo tú àpò ẹ̀wù Bàbá àgbà:
tábà, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, pẹ́nì mẹ́ta.
Ìyá àgbà nawọ́ sókè orí ibi iná,
ó gbé agolo tí owó ìsìnkú wà sọ̀kalẹ̀,
èyí tí akọ̀wé adójútòfò ń wá gbà ní Mọ́ńdè.
Ó wo Bàbá àgbà. Bàbá àgbà wo iná.
"Mú un," ló wí. "Mi ò tíì kú."

Ṣílè wọlé. Ẹ̀rọ kò kánjú, ó ní láti móoru.
Ohùn ló kọ́kọ́ dé, kí àwòrán tó tẹ̀lé e:
ọkùnrin kan tó wọ táì ń ka èsì bọ́ọ̀lù,
òdo sí òdo, méjì sí ọ̀kan.
Bàbá àgbà fa pẹ́ńsùlù yọ lẹ́yìn etí.

"Lister dá a," ni Ìyá àgbà wí.
Kò sẹ́ni tó bi í.
Lóru, mo gbọ́ ikọ́ láti inú yàrá wọn,
lẹ́yìn ikọ́, ohùn Bàbá àgbà, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́:
"Ẹsẹ̀ wo ló fi kọ́ ọ?"
"Tòsì," ló dá a lóhùn. "Sùn."

Ní Mọ́ńdè, níbi tí a ti ń ra búrẹ́dì,
ó ti di pé ilé mì,
ó ti di pé pákó ni wọ́n fi gbé Alápatà jáde.
Ìyá Sugden, tó san owó tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ tán,
la ẹnu, ó wò mí,
ó pa ẹnu dé.
Ó ní, bẹ́ẹ̀ ni, Enid,
èmi náà rí i.